Zobo tí ìyá ọkọ mi fi rọ́pò oògùn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìyá ọkọ mi ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Mo mú wọn lọ sí ilé oògùn kan nítòsí Vicarage Field, ní Barking níbí, ní London. Apòògùn wọn ìfúnpá wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ga gan-an. Ó ní kí n bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo oògùn.

"Mo ti dá a dúró. Zobo ni mò ń mu, láàárọ̀ àti lálẹ́."

Inú bí mi. Èmi tí mò ń fún arúgbó ẹlòmíràn lóògùn lójoojúmọ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Rippleside.

"Màámi, ta ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ṣí WhatsApp ẹbí, wọ́n na fóònù sí mi.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀; èmi gan-an ni mo fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Ó ní flavonoid, èròjà inú ewéko tó wà nínú zobo, lè ran ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́. Mo wá fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó dájú, ó ju oògùn lọ."

Apòògùn ní zobo lè ṣèrànwọ́ díẹ̀, àmọ́ kò lè rọ́pò oògùn.

Màámi ní, "Ìyàwó mi, ìwọ lo ń ṣiṣẹ́ ìlera nínú wa. Ta ni kí n tún bi?"

Mo ti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi náà tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ti dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí rẹ̀?