Igbe Tí Baba Allal Fi Pamọ́

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Baba Allal fi da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń ru awọ ní ìlú Fẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí awọ tó bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹran arúgbó máa ń já sí. Nítorí náà, nígbà tí Dókítà Ghizlane ti Kasabúlánkà dé, tó ní òun fẹ́ yá Mesuda, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Baba, kí àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ lè máa gùn ún nínú ọgbà ólífì òun lẹ́yìn odi ìlú, Baba wò ó tòkè-tilẹ̀.

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló fẹ́ kọ́ ọmọ èèyàn lọ́rọ̀? Ìgbà wo ni adìẹ máa kọ́ wọn níwèé?"

"Àlájì, kò ní kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ara wọn ló máa ń balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹran."

Hniya, ìyàwó rẹ̀, dá sí i: "Baálé mi, orúnkún yín ò gba òkè mọ́, ti Mesuda náà ò gbà á. Ẹ jẹ́ kó lọ síbi tí ọkà báálì wà, jàre!"

Baba fi ẹnu gbà, ọkàn rẹ̀ ò gbà. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, àmọ́ tirẹ̀ ti fẹ́ di àrùn. Ó fi ohun kan pamọ́ fún wọn. Mesuda kì í gbẹ́sẹ̀ àfi tó bá gbọ́ igbe tí àwọn alẹ́rù fi ń lé èèyàn kúrò lọ́nà tóóró: "Balak!" Ẹ yà o! Gbogbo ọ̀fun ni wọ́n sì fi ń ké e. Èèwọ̀ ni ariwo nínú ọgbà dókítà. Bí ẹran ò bá rìn, Baba rò ó, wọ́n á dá a padà fúnra wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mesuda dúró gbagidi. Ó jẹ kárọ́ọ̀tì wọn, kò rìn.

"Àlájì, kí lẹ máa ń sọ fún un?" Dókítà ló bi í.

"Kò sí nǹkan kan. Bóyá kò kàn fẹ́ràn yín ni."

Síbẹ̀, wọn ò dá a padà. Àyà Baba wá já wàyí. Ẹran tí kò rìn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, bí kì í bá ṣe awọ rẹ̀? Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fi okùn tó máa fi fà á wálé pamọ́ sábẹ́ jálàbíyà, ó forí lé ọgbà.

Batul ló bá lórí Mesuda, ọmọ ọdún méje láti àdúgbò àwọn aláwọ, tí ìyá rẹ̀ ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ rí. Baba yọ okùn, ó dúró gbọnrangandan níwájú ẹran náà. Batul rí okùn. Ó di gọ̀gọ̀ Mesuda mú, ó fajú ro, ó lanu.

"Balak!"

Ohùn náà ha, àmọ́ gbogbo ọ̀fun ló fi ké e. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ló ti ń gbọ́ ọ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ tó jókòó sábẹ́ igi ólífì dìde, ó bú sẹ́kún. Mesuda gbẹ́sẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà.

Ojú ti Baba. Ọgbọ̀n ọdún ló fi lé ará ìlú kúrò lọ́nà, ẹnì kan ò lé òun alára rí. Ó ká okùn rẹ̀ mọ́ra, ó fẹ̀yìn ti ògiri ọgbà, ó sì yà fún wọn.