Ohùn Ọmọ Mi ní Sítúdíò Kẹta

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọmọkùnrin mi lẹ́yìn tó ti kú. Orí àkàbà ni mo wà lẹ́yìn ilé wa ní Lákòwé, mò ń pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé. Iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù ni mò ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ilé oníṣẹ́ ṣe máa ń rí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìyàwó mi ti ń pariwo nẹ́ẹ̀tì yẹn. Bí mo ṣe na ọwọ́ sókè, ẹnì kan húkọ́ díẹ̀ nínú yàrá, ó wá ní:

"Bà... bà... bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Akólòlò ni ọmọ mi. Tó bá fẹ́ pè mí, á kọ́kọ́ húkọ́, ọ̀rọ̀ á wá máa lu ẹnu rẹ̀ látinú bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀ tí a ti sin ín. Trélà ló pa á lọ́nà Free Zone, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan.

Mo rọra sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mo rí, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wa. Ó dúró níwájú dígí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di ojú méjèèjì. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ọmọ yìí ń kọ́ eré ṣíṣe ní yunifásítì. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọ ọdún kẹta, wọ́n máa ń pín wọn sí sítúdíò mẹ́ta, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ni tirẹ̀. Orin àti ijó ni ti àkọ́kọ́. Eré iwájú kámẹ́rà ni ìkejì. Ìkẹta ni wọ́n fi tiwa sí. Níbẹ̀, olùkọ́ á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹnì kan tó mọ̀ dénú, kó kọ́ ìrìn rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ àti ohùn rẹ̀, títí onítọ̀hún á fi dìde nínú ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn mú ìyá wọn àgbà. Tiwa mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ìyàwó mi gbọ́ ọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí, ó ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi ní pálọ̀.

"Bàbá wọn, ẹ̀ ń gbọ́ nǹkan yìí, ẹ sì jókòó?"

"Iṣẹ́ ilé ìwé ni."

"Iṣẹ́ ilé ìwé wo? Ẹni tó ti sùn, ẹ jẹ́ kó sùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ọmọ yìí kúrò níbẹ̀."

Ó kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn òbí lórí fóònù. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi pè wá wá sí ilé rẹ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1. Ilé ìfowópamọ́ ni obìnrin náà ń bá ṣiṣẹ́, ọmọ tirẹ̀ náà sì wà ní kíláàsì kan náà. Ó fún wa ní ohun mímu. Ojú mi ò kúrò lára àwọn fèrèsé gíga rẹ̀, torí mi ò fẹ́ wo ojú ìyàwó mi.

"Sítúdíò kẹta yẹn gan-an lọmọ tèmi ń sunkún lé lórí," obìnrin náà sọ. "Wọ́n wá lọ gbé e síwájú kámẹ́rà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ lẹ ò fẹ́ ibẹ̀?"

"Tí wọ́n bá ń fi owó bẹ̀ mí, mi ò fẹ́," ìyàwó mi dáhùn.

"A jẹ́ pé kí wọ́n pààrọ̀ ara wọn nìyẹn. Màá pe olùkọ́ náà lónìí. Dádì, ẹ̀yin náà ẹ pè é. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé tí ilé méjèèjì bá ti fẹnu kò, òun á ṣe é kó tó di Jímọ́ọ̀."

"Ṣé a ti bi àwọn ọmọ?" mo béèrè.

Ìyàwó mi yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ẹ ṣáà pè é."

Mo pè é lọ́jọ́ kejì láti ibi iṣẹ́ kan ní Ajá. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi wà níbi tó wà."

"Ṣé ó dá yín lójú, sà? Ìyá kejì ti pè mí o."

"Ó dá mi lójú."

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé wọn ò gbà. Kí n má parọ́ fún yín bí mo ṣe parọ́ fún un: kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọmọ náà ni mo rò. Ohùn yẹn ni mo fẹ́ máa gbọ́.

Láti ìgbà náà, mi ò gba iṣẹ́ Sátidé mọ́, torí ọjọ́ náà lọmọ máa ń wálé. Ìyá rẹ̀ á ti lọ sọ́jà. Èmi á jókòó sẹ́yìn ògiri yàrá rẹ̀, màá máa to irin tí kò sí ohun tó ń ṣe é. Màá gbọ́ tó bá húkọ́. Màá gbọ́ "Bà... bà...", màá sì dáhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi." Ó máa ń ṣe mí bíi pé tí mo bá dáhùn sókè, á bá mi sọ̀rọ̀ lọ.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò nídìí oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé pẹ̀lú eruku títí dé orúnkún. Bọ́ọ̀sì ló gbé e kọjá Lákòwé. "Ó wà o" kò jáde lẹ́nu rẹ̀, títí ó fi jìnnà, ó wá fẹsẹ̀ rìn padà. Ìyá rẹ̀ bu omi, ó ń fọ ẹsẹ̀ fún un bí ọmọdé. Èmi mú aṣọ ìnura wá.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe eré náà, àwa méjèèjì lọ. Gbọ̀ngàn kékeré ni. Ọmọ wa jáde pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ṣì gbẹ mọ́ ọn lára. Ó húkọ́.

"Bà... bà... bàbá mi, ara mi ò yá lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Ó dúró bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó... ó dáa, sà." Ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà rẹ̀, ó jáde.

Kò sẹ́ni tó mọ èsì náà ní gbọ̀ngàn yẹn àfi èmi. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí trélà pa á ni pé, "Ọkùnrin kì í sinmi lọ́jọ́ Ajé." Mo rò pé àwa méjì péré la wà ní pálọ̀. Mi ò mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́tìn.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a délé, ó bi mí pé:

"Ṣé ó sọ fún yín pé ara òun ò yá?"

"Ó sọ ọ́."

"Ẹ sì ní kó lọ."

"Mo ní kó lọ."

Bí mo ṣe ti la ẹnu, mi ò lè pa á dé mọ́. Mo jẹ́wọ́ ti fóònù tí mo pe olùkọ́. Ó dìde, ó mú ìrọ̀rí rẹ̀, ó kó lọ sí yàrá ọmọ.

Kíkólòlò náà ò lọ bọ̀rọ̀. Olùkọ́ ní kó máa fi ohùn ara rẹ̀ ka ìwé sókè lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ mú un lọ fún àdúrà lọ́dọ̀ àwọn wòlíì, èmi náà ń tọrọ ní mọ́sálásí. Mi ò mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ ti ń já gaara lẹ́nu rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi yan àárọ̀ yẹn.

"Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, Dádì. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ ti pé lọ́kàn mi. Mi ò fi bá yín wí o."

Ìyàwó mi padà sí yàrá wa lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó ní, "Ti iṣẹ́ tẹ́ ẹ lé e lọ, mo ti dárí ẹ̀ jì yín. Ìyá wo ni ò lé ọmọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rí? Ti fóònù yẹn ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi."

Lóṣù tó kọjá, èmi àti ọmọ nìkan la wà nílé, ó ń bá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́: "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Pè mí bó ṣe máa ń pè mí."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó wò mí títí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́, Dádì."

Bóyá òótọ́ ni, bóyá kò fẹ́ ni, mi ò bi í léèrè. Ó na ṣẹ́ẹ̀tì náà sí mi, ó ṣì gbóná. Mo wọ̀ ọ́, mo sì lọ síbi iṣẹ́.