Ọjọ́ Tí Omi Yí Padà

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni obìnrin tí gbogbo ilé iṣẹ́ omi ń pè ní Ìyá Pọ́ǹpù fi tan ẹ̀rọ tó ń ti omi gun òkè lọ sínú táǹkì ńlá. Kì í ṣe oníwàdùwàdù. Bó bá fẹ́ pa ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ rọra yí fáàfù tó ń sé omi pa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, kí omi fi ara balẹ̀. Bàbá Sípánà, àgbà mẹkáníìkì, ló kọ́ ọ. Bàbá á ní, "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bó o bá pa á lójijì, páìpù lè bẹ́, àyà mi ò sì kúkú le tó ti páìpù."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pe Ìyá Pọ́ǹpù pé àbúrò rẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́fà lókè òkun ń dúró lẹ́nu géètì. Ayọ̀ gbé e lọ. Ó pa ẹ̀rọ lójijì, fáàfù ṣì wà ní ṣíṣí gbayawu. Omi tó ń gun òkè dúró, ó yí padà, ó sì fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn irin inú páìpù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Ilẹ̀ mì. Páìpù bẹ́ níbi tí Bàbá Sípánà bẹ̀rẹ̀ sí tó ń fi sípánà de bóòtù páìpù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fọ́ yángá.

Àwọn ọ̀gá wo páìpù náà, wọ́n ní ó ti dógùn-ún, ìyẹn ló fi bẹ́. Ìyá Pọ́ǹpù ò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá.

Níkẹyìn, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá.

"Bàbá, èmi ni. Mi ò yí fáàfù pa."

Bàbá dáhùn:

"Mo mọ̀. Páìpù tó dógùn-ún máa ń jò kó tó ya. Èyí ò jò rárá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké tó fi bẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Tí mo bá sọ, ṣé ọwọ́ mi á padà bọ̀ sípò ni?" Ó mí kanlẹ̀. "Inú ń bí mi sí ẹ, mi ò ní purọ́. Àmọ́ lọ sọ fún wọn. Bó ò bá sọ, páìpù tuntun nìkan ni wọ́n á rà, ẹlòmíì á sì tún kánjú lọ́la."

Ìyá Pọ́ǹpù sọ fún àwọn ọ̀gá. Wọ́n yọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ, ó gbálẹ̀ ọgbà fún odidi ọdún kan. Àmọ́ wọ́n so táǹkì irin kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù, ìdajì rẹ̀ omi, ìdajì rẹ̀ afẹ́fẹ́, kí omi tó bá yí padà lè rí ibi rírọ̀ balẹ̀ sí.

Bàbá ò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Gbogbo Sátidé ni Ìyá Pọ́ǹpù ń lọ fọ aṣọ fún un. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ mìíràn, bàbá á kọjú sí ògiri. Ìyá Pọ́ǹpù á fọ aṣọ náà, á sá a, á sì dágbére.