Fífi Ọwọ́ Òsì Tajà ní Adum

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú mi lápá ọ̀tún, ọmọ mi ọkùnrin ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Adum, ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, pa, kí n máa sinmi nílé ní Aboabo. Mo bi í pé ṣé ẹnu náà rọ ni? Ẹnu la fi ń tajà, tèmi sì ṣì mú ju abẹ lọ.

Iṣẹ́ gan-an kọ́ ló yọ mí lẹ́nu. Mo ní kí káfíńtà kan ìṣó sí etí tábìlì mi, ìṣó sí ìṣó jẹ́ yáàdì kan. Mo ra irin wúwo kan ní Suame Magazine, níbi táwọn mẹkáníìkì wà, òun ni mo fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo sísọ́ọ̀sì. Ó kọ́kọ́ ń gé aṣọ ní wọ́gọwọ̀gọ, nígbà tó yá ó gún.

Ibi tó le ni kí n fi aṣọ lé oníbàárà lọ́wọ́. Ní Kumasi, bíi ti Ìlọrin, ẹni tó bá fi òsì fún àgbà ní nǹkan ti rí i fín. Ni ọmọ mi bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó ń dúró tì mí, tó ń bá mi fún wọn. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n ń bá nájà. Òun náà ni wọ́n ń bi bóyá màmá ti jẹun, èmi tí mo jókòó síbẹ̀. Inú bí mi gidigidi. Kí wọ́n bú mi sàn ju kí wọ́n máa wò mí bí àga.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà Ashanti kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi tipẹ́ wọlé. Mo gé aṣọ rẹ̀, mo ní kí ọmọ mi dúró, mo sì fi òsì nà án sí i. "Mepa wo kyɛw," mo bẹ̀ ẹ́ lédè rẹ̀.

Kò gbà á. Ó ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Àwọn náà ń pa òwe yẹn bí àwa.

"Ìyá, mi ò júwe ilé bàbá ẹnikẹ́ni," ni mo wí. "Aṣọ ni mò ń tà. Ọ̀tún ti fẹ̀yìn tì, òsì ló kù lẹ́nu iṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gba aṣọ náà. Ọmọ mi fẹ́ dárúkọ iye rẹ̀ fún un. Ìyá náà ní kó sún sẹ́yìn, òun kò bá a nájà.

Ló bá kọjú sí mi, ó ń bá mi nájà. Ó ní aṣọ mi fẹ́lẹ́, ó ní olè ni mí, kò ṣàánú mi rárá. Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn, mo ń dá a lóhùn gbólóhùn fún gbólóhùn. Ọmọ mi mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó padà síbi iṣẹ́ tirẹ̀. A ò tilẹ̀ mọ ìgbà tó jáde.