Ọjọ́ Tí Àwòrán Bàbá Mi Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Ọ̀yọ́ là ń pè wọ́n, wá kí mi ní Bódìjà. Bàbá mi ti di olóògbé. Ikán ti jẹ fọ́tò àtijọ́ wọn, àfi àwọn tí mo ti ní kí wọ́n bá mi gbé wọ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà lásán ni orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ta wá ni tibí? Ta ni tọ̀hún? Ìyá Ọ̀yọ́ nìkan ló kù tó mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Màá pa gbogbo orúkọ àtijọ́ rẹ́, màá tẹ tuntun. Kọ̀ǹpútà ń kìlọ̀ pé fáìlì náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́ o! Èmi náà ń tẹ “Yes” lọ ràì. Ta ló ń ka irú ìyẹn?

Ó ku ẹyọ kan nígbà tí Ìyá Ọ̀yọ́ ní kí n jẹ́ káwọn tún rí bàbá mi. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Mo tẹ òmíràn. Pàbó! Àmì gbogbo wọn lójú kọ̀ǹpútà ti di bébà funfun lásán.

“Ṣé o ti pa wọ́n rẹ́ ni?” Ìyá Ọ̀yọ́ bi mí.

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àbúrò mi ni o.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Mo gbìyànjú ẹyọ tí mi ò tíì yí orúkọ ẹ̀ padà. Ó ṣí! Mo wá tẹjú mọ́ ọn: dọ́ọ̀tì kan àti “jpg” wà nídìí nọ́ńbà ẹ̀. Àwọn yòókù ò ní in mọ́. Àṣé ìyẹn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé àwòrán ni! Mo tẹ “.jpg” mọ́ orúkọ bàbá mi, ojú wọn sì yọ padà, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Alihamudulilahi!” Ìyá Ọ̀yọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe tán, ó wá ku ẹyọ yẹn: ọmọbìnrin kékeré kan dúró láàárín Ìyá Ọ̀yọ́ àti bàbá mi. Ìyá Ọ̀yọ́ ní àbúrò àwọn ni, tó kú ní kékeré, pé ìyá àwọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dárúkọ ẹ̀ mọ́. Bàbá mi ò sọ fún mi rí.

“Àṣàbí ni. Kọ ọ́ síbẹ̀.”

Mo kọ ọ́. Mi ò fọwọ́ kan dọ́ọ̀tì.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹ ṣe ẹ̀dà àwòrán yín kẹ́ ẹ tó yí orúkọ wọn padà, ohun tó ṣáájú dọ́ọ̀tì nìkan sì ni kẹ́ ẹ pàrọ̀. Àmọ́ orúkọ gan-an, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló lè sọ ọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wà nínú fọ́tò ilé yín tẹ́ ẹ ò mọ̀? Ta ló ṣì wà láyé tẹ́ ẹ lè bi? Ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa níbí.