Àlùfáà Tí Kì Í Jẹun Kí Ìsìn Tó Parí

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti àlùfáà yìí, ẹ jọ̀ọ́, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú àbúrò rẹ̀ obìnrin dé góńgó ẹ̀mí!

Ọmọ káfíńtà ni. Láti kékeré ni òórùn tùràrí ti gbà á lọ́kàn. Nígbà tó wá di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, gbogbo nǹkan ló ń ṣe bíi ti Àgùdà: agogo, àbẹ́là, èéfín tó ń mú akọrin wúkọ́. Bàbá Eléèéfín ni wọ́n ń pè é. Ó kọ́ àwọn àlùfáà tuntun níṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kọ ìwé tó nípọn bíi bíríkì lórí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Onímọ̀ gidi! Ṣùgbọ́n orí kunkun? Ẹ má dán an wò.

Kò ní fi oúnjẹ kan ẹnu lọ́jọ́ Àìkú títí yóò fi gba ara Olúwa. Bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá ni ìsìn ń bẹ̀rẹ̀, ìwàásù rẹ̀ kì í sì í mọ ilé lọ. Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ ọ níwájú pẹpẹ, díẹ̀ ló kù kí ago bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni: bí kò bá ń tètè jẹun kó lo oògùn, ikú ló ń fà lẹ́sẹ̀. Òun nìkan sì ni ẹbí tó kù fún àbúrò yìí láyé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ búrẹ́dì yìí."

"Àbúrò, Olúwa ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ inú mi."

"Tó bá dé, ihò ló máa bá níbẹ̀!"

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò rẹ̀ fi ìbínú pe bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù pàṣẹ lórí fóònù pé kí àlùfáà jẹun. Bàbá jẹ búrẹ́dì náà bí ẹni ń jẹ iyanrìn, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ni pé ẹni tó bá ṣàìgbọràn sí bíṣọ́ọ̀bù, Olúwa ló ń bá jà. Àbúrò rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Àṣé ó yá jù! Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, àárín ìjọ ni Bàbá jókòó sí.

Alága ìjọ sáré wá. "Bàbá, ìsìn dà?"

"Mo ti jẹun."

"Bíṣọ́ọ̀bù ló ní kẹ́ ẹ jẹun!"

"Ó ní kí n jẹun. Kò ní kí n gbé ago lẹ́yìn rẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. "Áà! Kí ló dé tí wọn ò fún wa ní àlùfáà tí kò kàwé?"

"Ẹ jẹ́ ká kúkú máa ṣe ìsìn láago mẹ́fà àárọ̀ nígbà náà," ni alága jágbe, "kẹ́ ẹ gba ara Olúwa, kẹ́ ẹ wá jẹun!"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Díẹ̀ ló kù kí àbúrò rẹ̀ sọ ìwé orin lù ú. "Ìwàásù ńkọ́?"

"Ó di ẹ̀yìn oúnjẹ."

Ọgbẹ́ inú Bàbá ti ń san báyìí. Ìjọ ló kù tó ń kérora. Ẹ lọ wò ó fúnra yín lọ́jọ́ Àìkú: akọrin ń yán láàárín orin, àbúrò Bàbá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tí Bàbá ti ń wọṣọ ìsìn, ó di búrẹ́dì mú bí ọlọ́pàá tó di kóńdó mú. Ṣùgbọ́n ẹ tètè jí o!