Òrí Ń Padà, Ọṣẹ Kì í Padà

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún, ọdún 1993. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógójì ló jókòó sí láàbù ilé-ìwé wa ní Ìfọ́n. Olùkọ́ kẹ́mísírì kò sí. Ó ti lọ láti oṣù kìíní, wọn kò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ìdánwò ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Veronica Àbẹ̀ẹ́bí ló wọlé. Ìyá Láàbù là ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbálẹ̀, kó rọ kẹrosíìnì sí sítóòfù, kó fọ ìgò. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń ṣe é. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ó máa ń nu àwọn ìgò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ojú ọmọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ náà ó gbé agbada, òrí, epo pupa àti ike omi eérú kan dání. Eérú èèpo kòkó ni ìyá rẹ̀ fi ń se ọṣẹ ní Ute, ìlú wọn.

Ọlámúyìwá, aláwàdà kíláàsì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Láàbù, ṣé ọṣẹ ni wọ́n máa bi wá nínú ìdánwò ni?"

"Bí wọ́n bá bi yín, ìwọ lo máa kọ́kọ́ fìdí rẹmi. Wo ọrùn ẹ̀wù rẹ."

A rẹ́rìn-ín títí.

Ó yọ́ òrí lórí iná, ó di olómi. Ó gbé e sínú omi tútù, ó tún dì.

"Kí nìyí?"

"Òrí ni, mà."

"Òrí náà ni. Ìrísí rẹ̀ nìkan ló yí padà."

Fúnmiọlá, ọ̀kan nínú wa, sọ pé iyọ̀ tó yọ́ sínú omi ti di nǹkan mìíràn ní tirẹ̀. Ìyá Láàbù kò bá a jiyàn. Ó se omi iyọ̀ gbẹ, ó ní kí ọmọ náà tọ́ ohun funfun tó kù nísàlẹ̀ agbada wò.

Lẹ́yìn náà ó da epo mọ́ omi eérú, ó ń rò ó lórí iná. Ó ki, ó di ọṣẹ.

"Ọlámúyìwá, ó yá, dá epo mi padà."

Ọlámúyìwá pò ó mọ́ omi, ó sè é. Ó kàn ń hó ni. "Mà, kò gbà."

"Kò ní gbà. Kì í ṣe epo mọ́."

Mo ti ka kẹ́mísírì ní yunifásítì láti ìgbà náà. N kò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ilé-ìwé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Veronica, ta ló sọ ọ́ di tíṣà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdánwò ti sún mọ́lé ni."

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà dé. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ó ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìbéèrè lórí ìyípadà tó ń padà àti èyí tí kì í padà wá nínú ìdánwò. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú wa yege. Ọ̀gá lẹ èsì náà mọ́ ògiri. Orúkọ obìnrin náà kò sí níbẹ̀.

Lọ́dún 1999 yìí mo lọ kí i ní Ute. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ó ṣì lè ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta sí i kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà tí wọ́n fi lé e wà nínú Bíbélì rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ta ló ń fọ àwọn ìgò yẹn báyìí? Wọn kì í rántí nu inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n wá lọ́la, màá lọ."

Lẹ́tà kì í ṣe ọṣẹ. Ẹni tó kọ ọ́ lè fagi lé e. Ìwọ tí ò ń ka èyí, mú bírò. Kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ lónìí, kí o ní kí wọ́n dá Veronica Àbẹ̀ẹ́bí padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.